Matthew Henson: Aláwọ̀ dúdú tó rìn dé ibi tí oòrùn ti ń yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún

Bí wọ́n bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé góńgó ayé lápá àríwá, ibi táwọn òyìnbó ń pè ní North Pole, orúkọ Robert Peary ni wọ́n máa ń dá. Òyìnbó Amẹ́ríkà ni Peary, ẹnjiníà sì ni lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 1909 tó ní àwọn débẹ̀, òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ọmọ Inuit, ìyẹn àwọn tó ni ilẹ̀ òtútù náà. Ẹnì kan yòókù jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó ti bá Peary rìn fún ọdún méjìlélógún. Matthew Alexander Henson lorúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe òtútù nìkan ló ń pa àlejò lágbègbè tí wọ́n lọ yìí. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níbi tí wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́ kí wọ́n tó kọrí sí góńgó náà, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹwàá, kò sì ní í yọ mọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀ gbáko lèèyàn á fi wà láìfojú kan oòrùn. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tí oòrùn ń lọ àti ìgbà tó ń bọ̀, tí kò sì mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe nínú ìgbà méjèèjì, kò lè pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí Henson mọ̀ dájú nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ ló sì ti kọ́ ọ.

Ọmọ òrukàn tó di atukọ̀

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹjọ ọdún 1866 ni wọ́n bí Henson ní Nanjemoy, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí, tí wọ́n sì fòfin dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Àwọn òbí tirẹ̀ kì í ṣe ẹrú, òmìnira ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n òtòṣì àgbẹ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń dá oko sí, wọ́n á sì fún onílẹ̀ lára ohun tí wọ́n bá kórè. Henson ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ náà kò pẹ́ láyé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà di ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ní Washington, níbi tó ti lọ sílé ìwé fún ọdún díẹ̀.

Kò tíì ju ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá lọ tó fi rìn dé etíkun Baltimore láti wá iṣẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Childs gbà á sínú ọkọ̀ rẹ̀, Katie Hines, kó máa ṣe ìránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò fi í ṣe ìránṣẹ́ lásán. Ó kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ìṣirò, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ àti oòrùn mọ̀nà lójú òkun. Inú ọkọ̀ yẹn ni Henson ti rí ilẹ̀ Ṣáínà, Japan, Áfíríkà àti òkun tútù lápá àríwá Rọ́ṣíà. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kú, ó padà sí Washington, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fìlà.

Ṣọ́ọ̀bù náà ló ti pàdé Peary lọ́dún 1887. Fìlà tó lè gba oòrùn lórí ẹni ni Peary wá rà, nítorí ìjọba rán an lọ sí Nicaragua, níbi tí oòrùn ti mú gan-an, láti wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ odò gbà kọjá. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ní kó mú Henson. Oòrùn ilẹ̀ gbígbóná ló so àwọn méjèèjì pọ̀, àmọ́ ibi tí oòrùn kì í yọ láàárín ọ̀ginìtìn ni wọ́n jọ padà lọ. Iṣẹ́ tí Henson ṣe ní Nicaragua wú Peary lórí débi pé nígbà tó ń múra ilẹ̀ Greenland lọ́dún 1891, ó pè é kó bá òun lọ.

Kí ló dé tí oòrùn fi ń sọnù?

Ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa níbí lè má tètè lóye ohun tí Henson bá pàdé. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Yálà òjò ni o, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, bí aago méje alẹ́ bá ti kọjá díẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Bèèyàn bá ṣe ń lọ sí àríwá sí i ni ìyàtọ̀ yìí á máa pọ̀ sí i.

Ìdí rẹ̀ ni pé ayé kò nàró ṣánṣán bó ṣe ń yí. Ẹ wo òkòtó táwọn ọmọdé ń ta. Bó bá ń yí, ó lè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan síbẹ̀ kó má ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ayé ṣe fì, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó dígírì mẹ́tàlélógún ààbọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń fì sí bó ṣe ń yí oòrùn ká láàárín ọdún kan. Nítorí náà, fún ìdajì ọdún, orí ayé lápá àríwá á kọjú sí oòrùn. Fún ìdajì tó kù, á kẹ̀yìn sí i.

Ní góńgó àríwá gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oòrùn ń yọ lọ́dún, ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹta. Kò ní í wọ̀ títí di apá ìparí oṣù Kẹsàn-án. Láàárín àsìkò náà, kì í gòkè wá sí àtàrí bí tiwa. Ńṣe ló máa ń yí èèyàn po láti òsì sí ọ̀tún lójú ọ̀run, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru. Lẹ́yìn tó bá wọ̀, ìmọ́lẹ̀ bíi ti ìrọ̀lẹ́ á ṣì wà fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òkùnkùn á wá gba ibẹ̀ títí ọdún tuntun á fi wọlé.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé bí oòrùn bá wà lókè tọ̀sán-tòru fún oṣù mẹ́fà, ṣé kò yẹ kí gbogbo yìnyín ibẹ̀ yọ́ tán ni? Ohun tó fà á tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé oòrùn náà kì í ga. Bí oòrùn àárọ̀ kùtù tiwa ló rí, tó ń mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ta. Yìnyín funfun sì tún máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà sókè. Òtútù ibẹ̀ kì í sì í tètè lọ. Ìkòkò tí wọ́n bá sọ̀ kúrò lórí iná á máa tutù lọ títí wọ́n á fi dá a padà sórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ṣe ń tutù lọ láti oṣù Kẹwàá, tó fi jẹ́ pé oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà bọ̀, lòtútù máa ń mú jù lọ.

Ohun tó mú iṣẹ́ Peary àti Henson le gan-an nìyí. Kò sí ilẹ̀ ní góńgó àríwá. Òkun ni, tí ojú rẹ̀ dì. Bí wọ́n bá lọ ní ọ̀ginìtìn, òkùnkùn ni. Bí wọ́n bá dúró di oṣù Kẹfà, oòrùn á ti la yìnyín náà sí wẹ́wẹ́, omi á sì ti gba ojú ọ̀nà. Àsìkò kékeré kan ló wà láàárín méjèèjì, láti ìparí oṣù Kejì títí wọ inú oṣù Karùn-ún, tí ìmọ́lẹ̀ ti dé, tí òtútù ṣì di òkun mú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ, kí wọ́n sì bọ̀.

Ó jókòó ti àwọn onílẹ̀

Nígbà tí wọ́n dé àríwá ìwọ̀ oòrùn Greenland lọ́dún 1891, ẹsẹ̀ Peary ti kán nínú ọkọ̀. Henson ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ káfíńtà láti kọ́ ilé pákó tí wọ́n gbé nínú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, oòrùn wọ̀. Òru olóṣù púpọ̀ tí Henson kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Àwọn òyìnbó tó ti lọ sí irú ibẹ̀ ṣáájú wọn máa ń kó aṣọ àti oúnjẹ ìlú wọn lọ, wọ́n á sì ti ara wọn mọ́nú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ṣàìsàn, tí àwọn mìíràn sì kú. Ti Henson yàtọ̀. Ó lọ bá àwọn Inuit nínú ilé wọn, ó jẹ ohun tí wọ́n ń jẹ, ó sì kọ́ èdè wọn débi tó fi ń sọ ọ́ dáadáa. Láàárín gbogbo àwọn tó bá Peary lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà tó o. Nítorí pé àwọ̀ ara rẹ̀ jọ tiwọn ju tàwọn òyìnbó lọ, wọ́n kà á sí ara wọn. Maripaluk ni wọ́n ń pè é, èyí tó túmọ̀ sí Matthew onínúure.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ kò kéré. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gé yìnyín ní búlọ́ọ̀kù láti fi kọ́ ilé lójú ọ̀nà láàárín wákàtí kan. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi awọ ẹran rán aṣọ, kí èèyàn má sì ṣe jẹ́ kí òógùn pọ̀ lára òun, nítorí òógùn tó bá dì nínú aṣọ lè pani. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan kẹ̀kẹ́ onígi tí kò ní táyà, tí ajá ń wọ́ lórí yìnyín, àti bí wọ́n ṣe ń darí ajá mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìjánu, tó jẹ́ pé ohùn ẹnu àti pàṣán nìkan ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Wọ́n tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo òṣùpá. Láàárín ọ̀ginìtìn, nígbà tí oòrùn kò sí, òṣùpá tó bá ti ń kún lójú ọ̀run kì í wọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ńṣe lòun náà á máa yí po lókè. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín funfun tó fún ẹni tó fẹ́ ṣọdẹ tàbí ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò. Inuit kì í sùn látìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí á fi yọ. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka àsìkò iṣẹ́ wọn nígbà náà. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún Henson títí dé òpin.

Òtútù jẹ Peary lẹ́sẹ̀

Ọdún 1895 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin wọn. Peary, Henson àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Hugh Lee gba orí yìnyín tó bo Greenland kọjá, oúnjẹ sì tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Ajá tó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ wọn ni wọ́n ń pa jẹ. Nígbà tí wọ́n fi padà dé ilé, ajá kan ṣoṣo ló kù.

Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò tó fi bí òkùnkùn ibẹ̀ ṣe burú tó hàn jù lọ ni èyí tí wọ́n rìn láti ìparí ọdún 1898 wọ ọdún 1899. Peary kò ní sùúrù kí oòrùn yọ. Ó fẹ́ tètè dé Fort Conger, ibùdó àtijọ́ kan tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti fi sílẹ̀ ní erékùṣù Ellesmere, kí ẹlòmíràn má bàa gba ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú oṣù Kejìlá ni wọ́n gbéra, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá nìkan. Òṣùpá lọ kí wọ́n tó dé, wọ́n sì ń táràrà nínú òkùnkùn lórí yìnyín tó rí págunpàgun. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, ẹsẹ̀ Peary ti kú. Henson ló bọ́ bàtà rẹ̀, àwọn ìka ẹsẹ̀ mélòó kan sì já bá bàtà náà.

Wọn kò lè padà lójú ẹsẹ̀ nítorí òkùnkùn náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Henson fi tọ́jú rẹ̀ nínú ilé tútù yẹn. Nígbà tí ojúmọ́ díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú oṣù Kejì, òun àti àwọn Inuit dè é mọ́ orí kẹ̀kẹ́ ajá, wọ́n sì wọ́ ọ padà sínú ọkọ̀, nǹkan bí irínwó kìlómítà. Dókítà gé èyí tó pọ̀ nínú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà, Peary kò lè rìn dáadáa mọ́. Ẹsẹ̀ Henson, ajá Henson àti èdè tí Henson gbọ́ ló wá ń gbé e dé ibi tó bá ń lọ.

Wọ́n gbìyànjú lọ́dún 1902, wọ́n padà. Wọ́n tún gbìyànjú lọ́dún 1906, ìjì fọ́ yìnyín mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kí omi dá wọn mọ́ ojú òkun.

Ìrìn-àjò tó kẹ́yìn

Oṣù Keje ọdún 1908 ni ọkọ̀ Roosevelt gbéra ní New York. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti so ó mọ́ Cape Sheridan, lókè pátápátá erékùṣù Ellesmere. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò bá òru jà, wọ́n lò ó ni. Nígbà tí oòrùn wọ̀ nínú oṣù Kẹwàá, àwọn obìnrin Inuit jókòó ti iṣẹ́ aṣọ rírán. Henson bẹ̀rẹ̀ sí í kan kẹ̀kẹ́ ajá. Bí òṣùpá bá ti yọ, àwọn ọkùnrin á ṣọdẹ, wọ́n á sì kó oúnjẹ lọ sí Cape Columbia, ibi tí wọ́n ti máa bọ́ sórí òkun. Bí òṣùpá bá wọ̀, wọ́n á dúró.

Nígbà tí oṣù Kejì ń parí lọ, tí ojúmọ́ ti ń là díẹ̀díẹ̀, gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́. Ènìyàn mẹ́rìnlélógún, ajá 133 àti kẹ̀kẹ́ 19 ló bọ́ sórí òkun dídì. Kìlómítà 765 ló wà níwájú wọn. Òtútù náà tó ìwọ̀n 45 sí ìsàlẹ̀ òdo. Kẹrosíìnì funfun, ó sì ki.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí omi ńlá kan fi là níwájú wọn. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi jókòó tì í, tí wọ́n ń retí kó dì. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí oòrùn fi yọ fúngbà àkọ́kọ́ látinú oṣù Kẹwàá. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tún bà wọ́n, nítorí láti ọjọ́ yẹn lọ, oòrùn tí wọ́n ti ń retí ló máa di ọ̀tá wọn. Lójoojúmọ́ ló ń ga sí i, ó sì ń bọ̀ wá la yìnyín.

Bí wọ́n ṣe ń lọ ni Peary ń dá àwọn èèyàn padà ní ìpín-ìpín, kí oúnjẹ lè tó àwọn tó kù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ló dá Bob Bartlett, ọ̀gá ọkọ̀ náà, padà. Henson ló ní kó tẹ̀ lé òun, nítorí kò sẹ́ni tó lè darí ajá tàbí tún kẹ̀kẹ́ ṣe bí i rẹ̀. Àwọn Inuit mẹ́rin tó bá wọn lọ ni Ootah, Egingwah, Seegloo àti Ooqueah. Ní báyìí, oòrùn kì í wọ̀ mọ́. Wọ́n lè rìn nígbà tó bá wù wọ́n, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á tún dìde. Níbì kan, yìnyín yẹ̀ lẹ́sẹ̀ Henson, ó já sómi. Ootah ló fà á jáde, tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó sì gbọn omi kúrò lára aṣọ awọ rẹ̀ kó tó dì. Bí kì í bá ṣe ti Ootah, ibẹ̀ ni ìtàn Henson ì bá parí sí.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹrin, wọ́n dúró. Peary fi ohun èlò wọn bí oòrùn ṣe ga tó, nítorí òun nìkan ni wọ́n lè fi mọ ibi tí wọ́n wà. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí igi, gbogbo ojú òkun rí bákan náà. Ó ní àwọn ti dé. Henson sọ lẹ́yìn náà pé òun ló wà níwájú, pé òun ti kọ́kọ́ débẹ̀ kí Peary tó dé, àti pé látọjọ́ náà ni ọ̀gá òun kò ti bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Nígbà tí oṣù Kẹrin ń parí lọ, wọ́n ti padà sórí ilẹ̀, kí oòrùn tó rí yìnyín yọ́.

Àríyànjiyàn

Wọn kò tíì délé tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà Frederick Cook, tó ti bá wọn lọ sí Greenland lọ́dún 1891, ti sọ fáyé pé òun dé góńgó náà láti oṣù Kẹrin ọdún 1908. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló gba ti Cook gbọ́ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ti Peary náà kò ṣàì mú iyè méjì lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí Bartlett padà, Peary nìkan ló wọn oòrùn, kò sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ náà. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe yára tó láàárín ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn pọ̀ jù. Lọ́dún 1911, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà gbà pẹ̀lú Peary. Ṣùgbọ́n títí dòní, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún mọ́ góńgó náà láìdé orí rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Yálà wọ́n dé orí rẹ̀ o, yálà ó ku díẹ̀ o, gbogbo wọn ló jọ rìn ín. Àmọ́ ẹ̀san wọn kò dọ́gba.

Òru tó gùn jù

Wọ́n fi Peary jẹ ọ̀gágun ojú omi, ó sì gba owó ìfẹ̀yìntì ńlá. Bartlett tí wọ́n dá padà lójú ọ̀nà gba àmì ẹ̀yẹ Hubbard lọ́wọ́ ẹgbẹ́ National Geographic lọ́dún 1909. Henson tó dé ibi tí wọ́n dé kò rí nǹkan kan gbà. Iṣẹ́ ọwọ́ nínú gáréèjì kan ní Brooklyn ló ń ṣe. Lọ́dún 1912, ó kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà, Booker T. Washington sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Lọ́dún 1913, Ààrẹ Taft pàṣẹ pé kí wọ́n fún un níṣẹ́ ní ọ́fíìsì kọ́sítọ́ọ̀mù New York. Mẹ́sẹ́njà ni wọ́n fi ṣe, ó sì di akọ̀wé lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1936. Lẹ́ẹ̀mélòó kan ni wọ́n gbé àbá owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kò sì kọjá.

Ìlú òyìnbó náà kọ́ ló fi gbogbo ohun tó ní sí. Ní Greenland, obìnrin Inuit kan tó ń jẹ́ Akatingwah bí ọmọkùnrin kan fún un lọ́dún 1906. Anauakaq lorúkọ ọmọ náà. Henson kò padà síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọdún 1909, kò sì tún fojú kan ọmọ náà. Òun àti Lucy, ìyàwó tó fẹ́ ní New York lọ́dún 1907, kò bímọ.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Lọ́dún 1937, Explorers Club, ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, gbà á sí àárín wọn. Lọ́dún 1944, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí àmì ẹ̀yẹ kan fún gbogbo àwọn tó bá Peary lọ, tòun náà sì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1954, Ààrẹ Eisenhower gbà á lálejò nílé ìjọba. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1955 ló kú ní New York, lẹ́ni ọdún 88. Itẹ́ òkú lásán kan níbẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, Peary sì ti wà ní Arlington, níbi tí wọ́n ń sin àwọn akọni Amẹ́ríkà sí, láti ọdún 1920.

Ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú kan ní yunifásítì Harvard, S. Allen Counter, ni kò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú. Ó lọ sí Greenland, ó wá Anauakaq rí nígbà tí bàbá náà ti di arúgbó, ó sì mú un wá sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1987 láti rí sàréè bàbá rẹ̀. Anauakaq kú lọ́dún yẹn kan náà. Counter kọ̀wé sí Ààrẹ Reagan, Reagan sì gbà. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún 1988, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n dúró lórí yìnyín, wọ́n tún òkú Henson àti ti Lucy sin sí Arlington, nítòsí Peary. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti Greenland wà níbẹ̀. Lọ́dún 2000, ẹgbẹ́ National Geographic fún un ní àmì ẹ̀yẹ Hubbard, ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn ti Bartlett.

Ọ̀nà tó gbà ti ń yọ́

Òkun dídì tí Henson rìn kọjá kò rí bó ṣe rí mọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé láti ọdún 1979, àgbègbè Arctic ti ń gbóná ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin bí ayé yòókù ṣe ń gbóná. Yìnyín tó ń ṣẹ́ kù lójú òkun nígbà tí ẹ̀rùn ibẹ̀ bá ń parí nínú oṣù Kẹsàn-án ti dín kù gan-an. Bí yìnyín funfun bá ṣe ń dín kù ni omi dúdú ń pọ̀ sí i, omi dúdú kì í sì í dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà, ńṣe ló ń gbé e mì. Ìyẹn náà tún ń mú kí ooru pọ̀ sí i. Oòrùn ṣì ń yọ, ó sì ń wọ̀ nígbà tó yẹ, ṣùgbọ́n àsìkò kékeré tí Henson fi lọ tó fi bọ̀ yẹn ti ń há sí i. Àwọn ọdẹ Inuit, tó jẹ́ pé bàbá wọn ló kọ́ ọ níṣẹ́, kò lè fọkàn tán yìnyín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 2021, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fi orúkọ Henson sọ kòtò ńlá kan lórí òṣùpá. Ìtòsí góńgó gúúsù òṣùpá ló wà, níbi tí oòrùn kì í ti í ga, tí ìsàlẹ̀ àwọn kòtò kan kò sì rí ìmọ́lẹ̀ rí. Ẹni tó fi ìmọ́lẹ̀ òṣùpá kó ẹrù la òkùnkùn já ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí ibẹ̀. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí òru gùn tó, ilẹ̀ á mọ́. Ti Henson mọ́, àmọ́ kò sí láyé mọ́ nígbà tó mọ́ tán.